Orin dáa o, ṣùgbọ́n ta ló ń gbè é?

Sí Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú akitiyan lórí èdè wa tẹ́ ẹ ń gbé lárugẹ lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀, Ọlọ́run á máa fún yín lókun. Mo fẹ́ fèsì sí lẹ́tà òǹkàwé yín kan tẹ́ ẹ gbé jáde láìpẹ́ yìí, èyí tó sọ pé ìdí tí orin ayé ìsinsìnyí ò fi wọ òun létí ni pé àwọn ọmọ tó ń kọ ọ́ ò kọ́ṣẹ́, wọn ò mọ ìlù, wọn ò mọ dùùrù, kọ̀ǹpútà ló ń bá wọn ṣe gbogbo ẹ̀. Mo ka lẹ́tà yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rọ̀ orin ń dun ẹni yẹn lọ́kàn, mo sì fẹ́ràn ẹ̀ torí ìyẹn, ṣùgbọ́n mi ò rò pé ibi tó fọwọ́ lé yẹn ni ibi tó ń ro wá gan-an.

Olùkọ́ orin ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Mo kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì lórin níbí ní Èkìtì, mo sì darí ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa l'Ádòó fún ọ̀pọ̀ ọdún, torí náà tí mo bá ní kì í ṣe ìmọ̀ iṣẹ́ nìkan ló ń jẹ́ kí orin dáa, ẹ má rò pé mò ń bẹnu àtẹ́ lu ìmọ̀ iṣẹ́ o. Mo mọ wàhálà tó wà níbẹ̀. Mo mọ ohun tójú ọmọ ń rí kó tó lè di ohùn téńọ̀ mú láìyẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àmọ́ mo ti rí àwọn tó mọṣẹ́ mọṣẹ́ débi pé kò séèyàn tó lè bá wọn wí lórí nóòtù kan ṣoṣo, tí wọ́n kọrin tán tí gbogbo ilé kàn ń wò wọ́n, mo sì ti rí àwọn tí ohùn wọn há, tí orin wọn ò ju ohùn mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ, tí wọ́n kàn lanu báyìí tí ọmọdé tàgbà sì dìde. Irú nǹkan yìí ò ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó pọ̀ débi tí mi ò lè máa pè é ní èèṣì mọ́.

Ohun témi gbà gbọ́ rèé: orin tó dáa mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, ó sì ń fàyè sílẹ̀ kí ẹni yẹn wọlé. Tí ìyẹn ò bá sí níbẹ̀, ìmọ̀ iṣẹ́ á kàn máa dán lásán ni.

Ẹ jẹ́ ká ti ilé bẹ̀rẹ̀. Ní gbogbo Èkìtì yìí, láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ọ̀mùò, láti Ẹ̀fọ̀n dé Ìkọ̀lé, àwọn ìyá wa ló ni orin alámọ̀, níbi òkú àgbà, níbi ìgbéyàwó, níbi ọdún ìlú, wọ́n sì ṣì ń kọ ọ́ láwọn ibì kan títí dòní. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbọ́ ọ rí mọ̀ pé kò sóhun èlò rẹpẹtẹ níbẹ̀, agbè lè wà, agogo lè wà, ìgbà míì sì wà tó jẹ́ àtẹ́wọ́ lásán ni. Ìyá tó ń dá a lè ti darúgbó, ohùn ẹ̀ lè ti há, kò sì sẹ́ni tó máa bi í pé nóòtù wo ló mú. Kí ló wá ń ṣe? Ó mọ ilé tó dúró sí ni. Ó mọ ẹni tó kú, ó mọ baba tó bí i lọ́mọ, ó mọ ìyàwó tó wọlé kẹ́yìn, ó mọ èyí tó ti ìdálẹ̀ dé lánàá tí omi ṣì wà lójú ẹ̀, gbogbo wọn pátá ló ń kó sínú orin bó ṣe ń lọ, tí ọmọ olóòkú kan bá sì yọ lójú ọ̀nà, orin á yíjú sí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, wọ́n á pe orúkọ ẹ̀, wọ́n á ki í, wọ́n á bá a kẹ́dùn, wọ́n á tún rán an létí ohun tó jẹ́ ojúṣe ẹ̀. Tó bá ti dá ìlà kan, á dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ni kẹ́ ẹ bá mi wò dáadáa o, torí ibẹ̀ làwọn yòókù ń gbà wọlé, ìyàwó ilé, ọmọ ọ̀sìn, aládùúgbò, àti ẹni tí kò gbọ́ orin yẹn rí láyé ẹ̀, tó bá fi máa di ẹ̀ẹ̀kẹta òun náà á ti máa gbè é.

Wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń mí, bí wọ́n ṣe ń lanu, bí wọ́n ṣe ń ka ìwé orin, èmi náà sì fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, mi ò kábàámọ̀ ẹ̀. Àmọ́ kò sí olùkọ́ kan tó kọ́ mi ní ìgbà tó yẹ kí n dákẹ́ kí ẹlòmíì lè rọ́nà wọlé. Àwọn ìyá alámọ̀ mọ̀ ọ́n dáadáa, kò sì séyìí tó lọ síléèwé orin nínú wọn.

Onílù ńkọ́? Kì í ṣe iṣẹ́ kékeré kéèyàn lu ìyáàlù dùndún. Láti kékeré lọmọ Àyàn ti ń bẹ̀rẹ̀, á máa bá àwọn àgbà lu àwọn ìlù kéékèèké tó ń tẹ̀lé ìyáàlù, ó máa pẹ́ kí wọ́n tó gbé ìyáàlù kọ́ ọ léjìká, á ti mọ bí wọ́n ṣe ń fún ọṣán mọ́ra kí ohùn lè ròkè, bí wọ́n ṣe ń dẹ̀ ẹ́ kó lè wálẹ̀, torí ohùn mẹ́ta tó wà nínú èdè wa, tòkè, tàárín àti tìsàlẹ̀, òun ni ìlù fi ń sọ̀rọ̀ táa fi ń gbọ́ ọ. Iṣẹ́ nìyẹn, ó sì le. Àmọ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá tún lọ síbi ìnáwó, ẹ má wo ọwọ́ onílù, ojú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Kì í wo ọwọ́ ara ẹ̀. Ojú ọ̀nà ló ń wò. Ó fẹ́ mọ ẹni tó ń bọ̀, ó fẹ́ mọ ọmọ ẹni tó jẹ́ àti ìlú tó ti wá, kó lè fi oríkì pàdé ẹ̀ kó tó jókòó. Àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn, tó ti ní òun ò ní jó lónìí, tí ìlù bá dárúkọ àwọn baba ńlá ẹ̀, ẹ ó rí i tó máa dìde, kò ní mọ ìgbà tó dìde gan-an. Ẹ wá mú onílù míì tí ọwọ́ ẹ̀ yá ju gbogbo onílù ìlú lọ, tí kò mọ ẹni tó dúró níwájú òun, tí kò sì fẹ́ mọ̀. Àwọn onílù ẹgbẹ́ ẹ̀ lè máa yẹ́ ẹ sí, ara àgbàlagbà yẹn ò ní dìde.

(Mi ò sọ̀rọ̀ àwọn tó kàn ń pariwo orúkọ ẹnikẹ́ni tó bá ti na owó jáde o. Ìyẹn ò mọ èèyàn, owó ló mọ̀, ẹni tí wọ́n ń kì náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ara ẹ̀.)

Ẹ wo àwọn àgbà olórin tí àwo wọn ò kú títí dòní. Haruna Ishola ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, tó kú ní 1983, ìjókòó ló ń jókòó kọrin àpàlà ẹ̀, àwọn onílù àtàwọn tó ń gbè é á yí i ká, agídìgbo wà níbẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wà níbẹ̀, kò sí gìtá kò sí dùùrù. Kì í sáré rárá. Ó máa ń sọ̀rọ̀ kan, á jẹ́ kí ìlù gbà á, á jẹ́ kí àwọn ègbè gbà á, ìwọ tó ò ń gbọ́ á ti rí àyè ronú sí òwe tó pa kó tó pa òmíì. Àwọn tó sọ pé olórin gbọ́dọ̀ máa fò sókè kára èèyàn tó gbóná, ẹ ní kí wọ́n wá gbọ́ ọ. Ayinla Omowura náà, tí wọ́n pa ní May 1980, tẹ́ ẹ bá gbọ́ àwo ẹ̀ dáadáa ẹ ó gbọ́ pé òun àti Adewole onílù ẹ̀ ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ni, olórin á sọ, ìlù á fèsì, ìgbà míì ìlù lá á kọ́kọ́ sọ ọ́. Ẹnu Ẹ̀gbá ló fi ń kọ ọ́, kò sì dí àwa ará Èkìtì lọ́wọ́ ká jó o.

I.K. Dairo tí ìjọba òyìnbó fún ní oyè MBE ní 1963, òun àti Haruna Ishola ló jọ dá ilé iṣẹ́ àwo STAR sílẹ̀ ní 1969, kí àwọn olórin lè ní ilé iṣẹ́ tiwọn. Dairo tẹ akọ́díọ̀nù sínú jùjú, ó mọ ọ́n tẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ àwọn àwo kékeré ayé ìgbà yẹn ò gbà ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ lójú kan, kò sáyè kéèyàn máa fi ọwọ́ dárà. Ìwọ̀nba ohun táwọn èèyàn lè gbà kí wọ́n sì gbé lọ sóko ló ń fi síbẹ̀, mo sì rò pé ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí orin ẹ̀ pẹ́ lẹ́nu wa.

Fela ńkọ́? Fela lọ sí London ní 1958, ó sì kọ́ṣẹ́ orin ní Trinity College of Music, torí náà ẹnikẹ́ni ò lè ní kò kàwé orin. Àmọ́ ẹ wò ó, nígbà tí Igo Chico tó ń fun sasafóònù fún un fi bándì sílẹ̀ ní 1973, Fela fúnra ẹ̀ gbé sasafóònù yẹn, ó ń kọ́ ọ, ó sì ń fi ṣiṣẹ́. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sasafóònù lágbà, báwo ló ṣe máa dọ́gba pẹ̀lú ẹni tó ti fi jẹun tipẹ́? Síbẹ̀, àwọn àwo tó ṣe lẹ́yìn 1973 làwọn èèyàn gbé sókè jù lọ káàkiri ayé. Ó mọ àwọn tó ń bá sọ̀rọ̀: àwọn ará ọkọ̀ dáńfó, àwọn tí sójà ń nà lójú títì, àwọn tí kò ríṣẹ́ ṣe. Ohun tó ń dùn wọ́n ló ń sọ, ó sì fi ègbè síbẹ̀ tí wọ́n á máa dá a lóhùn.

Tí mo bá wá ń sọ ti Èkìtì, mo gbọ́dọ̀ dárúkọ Elémùré Ògúnyẹmí ti Èmùré-Èkìtì. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò mọ̀ ọ́n mọ́, ó sì ń dùn mí. Ẹnu Èkìtì ni baba yẹn fi ń kọrin sínú àwo, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lẹ́yìnkùlé gan-an, nígbà tó jẹ́ pé Yorùbá tó wà nínú ìwé àti lórí rédíò kì í ṣe èyí tá à ń sọ nílé wa. Ẹni tó bá fẹ́ tọ́ka sí àbùkù nínú bí wọ́n ṣe gba ohùn yẹn sílẹ̀ lè rí i tọ́ka sí. Kí ló kàn wá níbẹ̀? Ará Èkìtì tó wà l'Ékòó tàbí ní Kaduna tó bá gbọ́ ọ á mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, pé ẹnì kan mọ̀ pé òun wà.

Ọmọ Èkìtì kan náà tún ni Yinka Ayefele, ìdílé wọn wà ní Ìpotì. Iṣẹ́ rédíò ló ń ṣe n'Ibadan kó tó ní jàǹbá ọkọ̀ ní December 1997, jàǹbá yẹn ló gbé e jókòó sórí kẹ̀kẹ́ títí di òní, ẹ̀yìn ẹ̀ ló wá di olórin tí gbogbo ilé mọ̀. Mi ò ní sọ pé ìyà ló ń sọ orin di dáadáa, torí ọ̀pọ̀ ló ti jìyà tí orin wọn ò jẹ́ nǹkankan. Ohun tí mo rí nínú tiẹ̀ ni pé kò kọrin nípa ara ẹ̀ nìkan. Ó dúpẹ́ lọ́nà tí ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ẹni tó ń wá ọmọ, ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ lè gbà á bíi tiẹ̀, àti pé lóde àríyá, àwọn orin tí gbogbo wa ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló máa ń so pọ̀ mọ́ra, ẹ ò ní rí ẹni tó pa ẹnu dé.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń da ọkàn mi láàmú lórí gbogbo nǹkan tí mò ń sọ yìí, mi ò sì fẹ́ fò ó. Àwọn orin inú ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì wa ni. Nígbà táwọn míṣọ́nnárì dé, wọ́n tú ọ̀rọ̀ orin sí Yorùbá, wọ́n sì fi ohùn orin òyìnbó sí i lórí, kò sì bára mu, ibi tí ọ̀rọ̀ wa ti ń lọ sókè orin ń wálẹ̀, ibi tó ti wálẹ̀ orin ń gòkè, ẹni tó bá fetí sílẹ̀ dáadáa ò ní mọ ohun tí wọ́n ń sọ àyàfi tó bá ń wo ìwé. Kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́. T.K. Ekundayo Phillips, tó jẹ́ ọ̀gá dùùrù ní Cathedral Church of Christ ní Marina l'Ékòó fún ọ̀pọ̀ ọdún, ti ja ìjà yẹn tipẹ́, ó ń ṣe orin ṣọ́ọ̀ṣì tó tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀ wa, abẹ́ ẹ̀ sì ni Fela Sowande (òun kọ́ ni Fela tí mo sọ̀rọ̀ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan) ti kọrin lọ́mọdé kó tó di ẹni ńlá. Pẹ̀lú ohun tí mo ti ń sọ bọ̀, ṣebí ó yẹ kí àwọn orin inú ìwé orin yẹn jẹ́ orin tí kò dáa, torí wọn ò mọ ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, ohùn wa gan-an ni wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Síbẹ̀ ẹ lọ síbi ìsìnkú àgbà ní ìlúkílùú ní Èkìtì, kí wọ́n gbé ọ̀kan nínú àwọn orin yẹn, omi lójú àwọn ìyá. Báwo ló ṣe jẹ́?

Ó pẹ́ tí mo ti ń rò ó, ìgbà tí mo jókòó láàárín àwọn ìyá yẹn dípò kí n dúró níwájú wọn ni mo tó gbọ́ ọ. Wọn ò kọ ọ́ bó ṣe wà nínú ìwé. Ibi tí nóòtù ní kí wọ́n fò, wọ́n á rọra yọ́ kọjá, ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti wálẹ̀ wọ́n á tẹ ohùn díẹ̀ sísàlẹ̀, wọ́n á fà á, wọ́n á fi ohùn kékeré kún un níbi tí kò sí nínú ìwé, ẹni tó ń tẹ dùùrù gan-an ló máa dúró dè wọ́n, tó bá sáré wọ́n á fi í sílẹ̀ máa lọ. Ọdún gbọgbọrọ ni àwọn ìyá wọn àtàwọn ìyá ìyá wọn ti fi ń yọ́ orin yẹn tún ṣe. Orin yẹn ò fàyè sílẹ̀ fún wọn, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn lu ihò sí i, wọ́n sì gba ibẹ̀ wọlé. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ti kọ ọ́ sin ìyá, wọ́n kọ ọ́ sin ọkọ, gbogbo àwọn òkú yẹn ló wà nínú ẹ̀ nísinsìnyí. Ó wá yé mi pé dídáa orin kì í ṣe ọwọ́ ẹni tó ṣe é nìkan ló wà, àwọn tó ń kọ ọ́ náà ń ṣe é lọ.

Ẹnì kan á ní ṣé gbogbo ohun tó bá ti mọ́ni lára ló wá dáa nìyẹn? Rárá o. Àwọn orin ìpolówó ọjà orí rédíò mọ́ wa lára ju àdúrà lọ, mi ò tíì rí ẹni tó fi ọ̀kan sìnkú ìyá ẹ̀.

Nígbà tí Wòlíì Joseph Ayo Babalola bẹ̀rẹ̀ ìsọjí ní 1930, tí iná yẹn ràn dé gbogbo Èkìtì, ẹ̀gbọ́n wa míì á sọ fún yín pé ìwàásù àti omi àdúrà ló kó èèyàn jọ. Ó rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ má gbàgbé orin. Orin àwọn Àpọ́sítélì tá à ń kọ títí dòní, ìlà méjì tàbí mẹ́ta ni, ohùn ẹ̀ tẹ̀lé ọ̀rọ̀, àtẹ́wọ́ àti agogo, ẹni tí kò mọ̀wé á ti mọ̀ ọ́n kó tó kúrò níbẹ̀. Baba náà papò dà ní 1959, Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n sin ín sí, àwọn èèyàn ṣì ń lọ síbẹ̀ láti gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, tẹ́ ẹ bá dé ibẹ̀ lásìkò tí wọ́n ń kọrin, ẹ ò ní lè sọ pé ẹni báyìí ni akọrin ẹni báyìí ni olùgbọ́.

Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa lónìí máa dùn mí. A ní àwọn ọmọ tó mọ kíbọọ̀dù tẹ̀, wọ́n kọ́ ọ lórí fóònù, wọ́n ń ṣiṣẹ́ kára, ọwọ́ wọn yá, mo sì ń yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n wọn kì í dákẹ́. Tí ìjọ bá kọ ìlà kan, kí wọ́n tó mí, kíbọọ̀dù á ti da nǹkan mẹ́wàá sí àárín, onígìtá náà á da tiẹ̀ sí i, onílù ṣẹ́ẹ̀tì ńkọ́, sípíkà á sì ti gbé gbogbo ẹ̀ sókè débi pé ìyá tó wà nílẹ̀ ò gbọ́ ohùn ara ẹ̀ mọ́. Ẹni tí kò bá gbọ́ ohùn ara ẹ̀, kò ní pẹ́ tó fi máa dákẹ́. Bí ìjọ ṣe ń di òǹwòran nìyẹn, wọ́n á dìde, wọ́n á gbé fóònù sókè, wọ́n á máa ya àwọn tó wà lórí pèpéle. Mo ti bá ọmọ kan tó ń tẹ kíbọọ̀dù sọ ọ́ jẹ́jẹ́, mo ní bọ̀bọ́ mi, yọwọ́ níbi tí ìlà bá ti parí, ṣáà yọwọ́ kí o sì gbọ́ àwọn èèyàn. Nígbà tó ṣe é, òun fúnra ẹ̀ wẹ̀yìn, torí kò mọ̀ pé ìjọ lè kọrin tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn ìdíje ẹgbẹ́ akọrin náà ń dá kún un. Mo ti jókòó níbẹ̀ rí gẹ́gẹ́ bí adájọ́. Wọ́n á fún wa ní ìwé, a ó fi máàkì sí ohùn, sí bí ọ̀rọ̀ ṣe já gaara, sí aṣọ, sí bí wọ́n ṣe wọlé bí wọ́n ṣe jáde. Kò sí ibì kankan nínú ìwé yẹn tí wọ́n ti bi wá bóyá àwọn tó wà nílẹ̀ bá wọn kọ ọ́ tàbí bóyá orin yẹn kan ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ sì gbọ́n, ohun tí wọ́n bá ń fi máàkì sí ni wọ́n á máa kọ́, wọ́n á lọ wá orin òyìnbó tó le jù, wọ́n á fi oṣù púpọ̀ kọ́ ọ, wọ́n á kọ ọ́ láìyẹ̀, lọ́jọ́ kejì kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú ìlú tó lè rántí ẹ̀ kọ.

Kí n wá padà sórí kọ̀ǹpútà tí òǹkàwé yín ń bínú sí. Ohun tó ń tún ohùn ṣe yẹn, Auto-Tune, 1997 ló jáde, Andy Hildebrand ará Amẹ́ríkà ló ṣe é, iṣẹ́ tó sì ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni pé ó ń fi ìró wá epo rọ̀bì lábẹ́ ilẹ̀, ẹ wo ibi tí ìmọ̀ ti ń wá. Ohun tí ẹ̀rọ yẹn lè ṣe ni kó fa ohùn tó bá yẹ̀ padà sórí nóòtù. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá sì rò ó, ẹ̀rọ yẹn gan-an ló gbè mí lẹ́sẹ̀, torí tó bá jẹ́ pé nóòtù tó tọ́ ló ń jẹ́ kí orin dáa, gbogbo orin tó ti jáde láti 1997 ì bá ti dáa ju ti Haruna Ishola lọ. Ẹ̀rọ ò mọ ọmọ ẹni tó ń bọ̀ lójú ọ̀nà. Àwọn ọmọ kan wà níbí l'Ádòó, ní Ọ̀yẹ́ níbi tí yunifásítì wà, nínú yàrá kékeré, fóònù àti kọ̀ǹpútà alágbèéká ni gbogbo sítúdíò wọn, wọ́n ń fi ẹnu Èkìtì kọ orin wọn, wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tó wọ́n, ọ̀rọ̀ iléèwé, ọ̀rọ̀ ọmọge, àwọn ẹgbẹ́ wọn sì mọ gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀ lórí. Ìlù tí wọ́n fi sí i ò dá mi lọ́rùn tó, mo máa sọ òótọ́. Àmọ́ mi ò lè sọ pé kò dáa, torí wọ́n mọ ẹni tí wọ́n ń kọ ọ́ fún, àwọn yẹn sì ń gbè é. Ohun tí mo fẹ́ fún wọn ni kí wọ́n tún lọ jókòó ti àwọn ìyá alámọ̀ àtàwọn tó ń lu apíìrì, orin ìbílẹ̀ wa míì, kí wọ́n gbọ́ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́.

Ìyẹn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín, Olóòtú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ̀ǹda ìdajì ojú ewé kan fún wa, kó máà tiẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, kẹ́ ẹ máa fi tẹ ọ̀rọ̀ orin ìbílẹ̀ ìlú kọ̀ọ̀kan, alámọ̀, apíìrì, orin ọdún, ní ẹnu tí wọ́n fi ń kọ ọ́ gan-an, kẹ́ ẹ má tún un ṣe sí Yorùbá ìwé. Kẹ́ ẹ sì kọ èyí tí ẹni tó ń dá a ń sọ sọ́tọ̀, kẹ́ ẹ kọ èyí tí àwọn ègbè ń sọ sọ́tọ̀, kẹ́ ẹ fi àmì ohùn sí i, torí àwọn ọmọ wa ò ní mọ̀ ọ́n kà láìsí àmì. Mo mọ àwọn àgbà díẹ̀ ní apá Ìkọ̀lé àti níbí l'Ádòó tí mo lè lọ bá, tí wọ́n bá gbà kí n kọ ọ́ sílẹ̀ màá fi ránṣẹ́ sí yín, mi ò bèèrè owó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń ṣètò ìdíje ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì àti níléèwé, tẹ́ ẹ bá ń ka lẹ́tà yìí, ẹ bá mi fi ìlà kan kún ìwé adájọ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi orin kan kọ́ àwọn tó wà nílẹ̀ níbẹ̀, lójú adájọ́, kí wọ́n sì dákẹ́ kí àwọn yẹn gbè é. Ẹ fún un ní máàkì tó pọ̀ ju ti aṣọ lọ.

Ẹ ṣeun púpọ̀.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ orin tó ti fẹ̀yìn tì,
Adó-Èkìtì.